Pákó Kẹta Nínú Ọkọ̀ Adélékè

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Gilbert Bọ́dúnrìn, káfíńtà, fi yan ọkọ ọmọ rẹ̀ lódì. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé igbá ọrẹ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi kò lè fara mọ́ ọn kí Susannah ọmọ rẹ̀ fẹ́ Mọ́rúfù, ọmọ Mùsùlùmí tó ń pẹja lẹ́tí ọ̀sà. Wọn kò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀sìn kọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Nígbà tí Susannah ń lọ sílé ọkọ lọ́dún 1981, oṣù méjì ni Gilbert fi kan kọ́bọ́ọ̀dù kan fún un. Ìrókò ni láti òkè dé ilẹ̀. Ó fá a, ó dán an, ó fi fáníìṣì kùn ún títí èèyàn fi lè wo ojú ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n fi lọ́rì gbé e dé Ìwópin, níbi tí ọ̀nà mọ́tò pin sí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí Mọ́rúfù gbé wá pàdé ìyàwó kò gbà ju ẹni mẹ́rin lọ, ìjì sì ń jà lójú ọ̀sà lọ́jọ́ náà. Mọ́rúfù wo ọkọ̀, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ìyàwó. Ìyàwó ló gbé. Ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù kalẹ̀ sétí omi, ó fi ẹní bò ó, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e lọ́la. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó rọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì dá títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Nígbà tó fi dá, kọ́bọ́ọ̀dù náà ti wú, ó sì ti là.

Kò sí ẹni tí kò tíì ṣàlàyé fún Gilbert pé ọmọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Àlàyé náà yé e. Ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò rí dáhùn: "Ẹni tó mọ̀ pé òun ń bọ̀ wá gbé ìyàwó, tó mọ̀ pé káfíńtà ló bí ìyàwó náà, tó wá gbé ọkọ̀ tó kéré bí igbá ìmumi wá, ṣé ó rò pé ọwọ́ òfo ni mo máa fi sin ọmọ mi?" Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Mọ́rúfù wá dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Òdógbólú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni Gilbert ń ti ìfági lọ, tó ń fà á bọ̀, tí èèpo igi ń já bọ́ sórí ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni tí wọ́n ń da ewé bò.

Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Kíláàsì kẹta ló wà tí tíṣà kan nà án nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ mìíràn. Ó mú síléètì rẹ̀, ó jáde, kò sì padà sí ilé-ìwé mọ́ títí ayé. Tíṣà náà ti di arúgbó báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn, síbẹ̀ bí Gilbert bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á sọdá sí òdìkejì títì.

Ní ọjọ́rú kan nínú oṣù kìíní ọdún 1985, Susannah wọ ṣọ́ọ̀bù wá. Oyún oṣù méje ló gbé. Oyún méjì ti ṣáájú èyí, wọn kò dúró. Gilbert gbé àga fún un, ó fi aṣọ nu eruku orí rẹ̀, ó ní kó jókòó. Kò jókòó.

"Bàbá mi, ọkọ̀ kan wà ní Ìwópin tí Mọ́rúfù fẹ́ rà. Mo fẹ́ kí ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ta ló rán ọ?"

"Oyún inú mi ni."

Gilbert gbé ìfági kalẹ̀. Susannah wá sọ fún un pé ní oṣù kọkànlá tó kọjá, ọkọ̀ kékeré tí Mọ́rúfù fi ń pẹja dojú dé láàárín ọ̀sà, ó sì rì. Òpó tí wọ́n ń so àwọ̀n mọ́ ló dì mú nínú omi fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó rí i. Láti ìgbà náà, kò níṣẹ́ ju kó bá ọlọ́kọ̀ mìíràn tu àjẹ̀ lọ.

"Ṣé kò sí káfíńtà létí omi ni?"

"Wọ́n pọ̀. Ọ̀rẹ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀ ni gbogbo wọn, ọ̀rẹ́ Mọ́rúfù sì ni wọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí kì í wojú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni, Gilbert sì mọ̀. Ó mọ ọkọ̀ pẹ̀lú. Kó tó wá dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kan ọkọ̀ ní Ìwópin.

"Mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ o."

"Ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀." Susannah gbé ọwọ́ lé ikùn. "Bí ẹ bá ní ó dára, á rà á, èmi àti ọmọ á wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ní kò dára, gbogbo ayé á ní ìjà kọ́bọ́ọ̀dù ni. Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ òótọ́ tí ẹ bá rí."

Ní Sátidé, Gilbert kó òòlù onígi, ìlu tí wọ́n fi ń dá ihò sí igi, àti ṣọ́ọ̀kì sínú àpò, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìwópin.

Abẹ́ igi àgbọn ni ọkọ̀ náà wà lórí ìtì igi, ó ga, ó gùn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà búlúù kùn ún. Ràmọ́tà ló ń tà á. Obìnrin arúgbó tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni. Adélékè ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, wọn kò sì mọ àjẹ̀ yàtọ̀ sí orógùn tí wọ́n fi ń ro ọkà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Susannah! Ọkọ̀ Adélékè rèé. Orí ibùsùn ni Adélékè kú sí o, kì í ṣe orí omi. Ọkọ̀ yìí kò jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ó ti gbé e dé ibi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun, ó sì ń gbé e padà wálé fún mi bí ẹṣin tó mọ ilé."

Mọ́rúfù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn."

Gilbert kọjú sí ọkọ̀. "Ọkọ̀, o kú àárọ̀," ló wí.

Ràmọ́tà wo ọkọ̀, ó wo Mọ́rúfù nílẹ̀, ó wo Gilbert. Ó ti gbọ́ nípa ìjà náà, bí gbogbo Ìwópin ṣe gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì tó o rí.

Gilbert sọ àpò kalẹ̀, ó mú ìlu jáde. Ràmọ́tà fò síwájú rẹ̀.

"Ìlu kẹ̀? Rárá o! Ọkọ mi kò gbà á láyé rẹ̀, èmi náà kò gbà á. Ẹni bá dá ihò sí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ti rà á nìyẹn. Àṣà etí omi wa ni, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n."

Gilbert mọ̀ ọ́n. Ó dá ìlu padà sínú àpò, ó mú òòlù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ọkọ̀, ó ń kan pákó kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, á kàn án, á dẹtí sí i, á sún. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni pákó náà, igi tó le, ohùn rẹ̀ sì ń dáhùn gan-an, gan-an. Ó wo ojú ìdè tí wọ́n fi òwú àti ọ̀dà dí. Ó fọwọ́ tọ ibi ìṣó. Iṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tó kan ọkọ̀ yìí kò sáré kàn án.

"Ìyá, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kó yẹ̀ kúrò lójú oòrùn. Òjìji rẹ̀ ń bò mí lójú."

Mọ́rúfù kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ méjì lọ. Ràmọ́tà yíjú sí i. "Mọ́rúfù, Bàbá Susannah ní kí o yẹ̀ kúrò lójú oòrùn."

"Ẹ sọ fún Bàbá pé mo ti yẹ̀."

"Bàbá, ó ní òun ti yẹ̀."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i!" Ràmọ́tà pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i pé mo ti di tẹlifóònù? Tẹlifóònù gan-an, wọ́n máa ń jẹ́ kó sinmi lórí tábìlì."

Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Gilbert kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Mọ́rúfù lọ sí òdìkejì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara pákó láti inú, kí òòlù lè rí ohun tó máa gbá mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí Gilbert bá kàn, ọwọ́ náà á tẹ̀lé e. Nígbà tí Gilbert yọ orí sókè létí ọkọ̀, ó rí ọwọ́ náà bó ṣe ń ṣí kúrò lára pákó kan bọ́ sí òmíràn. Egbò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀, àwọn kan ti jinná, àwọn kan kò tíì jinná. Ìgbín omi tó ń lẹ̀ mọ́ òpó inú ọ̀sà máa ń mú bí abẹ. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́ta di irú òpó bẹ́ẹ̀ mú, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa rí nìyẹn. Gilbert yọ ojú kúrò, ó ń bá òòlù rẹ̀ lọ.

Pákó kẹta láti àárín, lápá òsì, ló ti dúró.

Ó kàn án. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn yòókù ń sọ gan-an, èyí sọ pò. Kò le púpọ̀. Ẹlòmíràn lè má gbọ́ ọ rárá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn yàrá tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i, ó kan àwọn yòókù títí dé ìdí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó jáde. "Ẹ sọ fún un pé kí wọ́n pọn omi sínú rẹ̀."

Ẹni tó mọ ọkọ̀ kì í gbé e sójú omi kó tó mọ̀ bóyá ó ń jò. Orí ilẹ̀ ló ti máa ń rọ omi sí i nínú. Ibi tí omi bá ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni omi máa gbà wọlé. Mọ́rúfù pe àwọn ènìyàn, wọ́n gbé igi kún èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi garawa pọn omi ọ̀sà. Nígbà tó fi mu dé ìwọ̀n orúnkún, omi ti ń jò níbi mẹ́wàá. Ràmọ́tà ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Gilbert wí fún un. "Ọdún kan ló ti wà nínú oòrùn. Pákó tó gbẹ máa ń sún kúrò lára èkejì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mumi yó."

Wọ́n jókòó dè é. Ràmọ́tà gbé gàrí àti ẹja gbígbẹ wá, pẹ̀lú omi inú àmù tó tutù. Gilbert jẹ tirẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn kan, Mọ́rúfù jẹ tirẹ̀ lábẹ́ èkejì. Nígbà tó ṣe, Mọ́rúfù ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní, ó kírun ọ̀sán. Gilbert kò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n ó rí i pé iwájú orí rẹ̀ pẹ́ lórí ilẹ̀. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ṣòro láti mọ̀.

Omi níbi mẹ́wàá di márùn-ún. Márùn-ún di méjì. Nígbà tí oòrùn fi yẹ̀ díẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ti gbẹ táútáú. Mọ́rúfù wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ rá a láti iwájú dé ìdí, ó jáde pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tí kò tutù, ó sì gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i.

"Kò jò! Kò sí ẹ̀kán kan!"

Ariwo sọ. Ràmọ́tà so mọ́ ọmọkùnrin náà lọ́rùn, ó ń kí Adélékè tó ti kú bí ẹni pé ó dúró níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn apẹja, Ernest, tó máa ń fi gbogbo ènìyàn ṣẹ̀fẹ̀, ti ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa pa ewúrẹ́.

Wọ́n ṣí ihò ìdí ọkọ̀, omi ṣàn jáde tán. Gilbert tún mú òòlù, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ sídìí àlà ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó kàn án. Pò. Ohùn náà ti burú ju ti àárọ̀ lọ.

Ó jókòó nínú iyanrìn tútù lábẹ́ ọkọ̀. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kòkòrò kan wà níbi tí omi iyọ̀ ti ń bá omi ọ̀sà pàdé. Ihò tó wọlé sí kì í ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé tán, inú pákó ló máa ń jẹ kiri, kì í sì í jáde. Á jẹ inú tán, á fi awọ sílẹ̀. Omi kò ní jò níbẹ̀ lórí ilẹ̀, nítorí awọ kò tíì ya. Ọjọ́ tí ìgbì ńlá kan bá gbá a lójú ọ̀sà ló máa ya, kò sì ní ya ní kékeré.

Òòlù rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Omi tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n pọn ti jẹ́rìí tako òun.

Ó jáde. "Ìyá, ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ yìí kò dára. Pákó kẹta ti kú."

Ernest ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá káfíńtà, ọkọ̀ ló ṣẹ̀ yín ni, àbí àna yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Kọ́bọ́ọ̀dù ló ń sọ̀rọ̀!" Ẹ̀rín náà tún le sí i. Ràmọ́tà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Gilbert bí ẹni tí wọ́n bú òkú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí a pọn omi. A pọn ọ́n. Kò jò. Kí ni Adélékè fi ṣe yín?"

Ojú Mọ́rúfù ti wálẹ̀. Ràmọ́tà ló kọjú sí. "Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá pé wọ́n wá. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò bínú. Ẹ sọ fún wọn pé màá rà á."

Gilbert gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ti sọ tirẹ̀. Ohun tí Susannah ní kí òun ṣe, òun ti ṣe é. Òun ti sọ òótọ́, ẹni tí kò bá gbà, ọrùn rẹ̀ ló wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ibi tí mọ́tò wà. Ó rìn bí ogún ẹsẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti padà sídìí ẹ̀fẹ̀ wọn. Ó ń rò ó bí ó ti ń rìn. Ta ni òun bá sọ òótọ́ náà? Ràmọ́tà lòun bá sọ ọ́, Ràmọ́tà kọ́ ló ń lọ sójú omi. Òótọ́ tí ènìyàn sọ sí ẹ̀gbẹ́, ṣé ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti gbọ́ ọ? Ó rí Susannah lójú ọkàn rẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ búlúù yẹn, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí pákó kẹta.

Ó dúró. Orúkọ tó fẹ́ pè wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ki òkúta sẹ́nu.

"Mọ́rúfù."

Ẹ̀rín dá. Mọ́rúfù yíjú bí ẹni tí wọ́n fi omi tútù lù.

"Sà?"

Gilbert padà wá, ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó lójú. Kò wo ojú yẹn láti ọdún mẹ́rin. Irùngbọ̀n ti hù ú.

"Mi ò sọ fún Ìyá mọ́. Ìwọ ni mò ń sọ fún. Inú pákó yẹn ti ṣófo. Kòkòrò omi iyọ̀ ti jẹ ẹ́, ó fi awọ sílẹ̀ ni. Kò jò lónìí, kò sì ní jò lọ́la. Àárín ọ̀sà ló máa ya, ìyàwó rẹ á sì wà nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ràn mi o, bí o kò bá fẹ́ràn mi o, má ra ọkọ̀ yìí bó ṣe wà yìí."

Ernest pòṣé. "Mọ́rúfù, ṣé ojú rẹ kò rí abẹ́ ọkọ̀ ni? Ó gbẹ! Ta ló rí kòkòrò?"

"Ẹ̀gbọ́n Ernest, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Mọ́rúfù gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá yìí. Mo kó àwọn àgbà lọ bẹ̀ wọ́n, wọn kò dá mi lóhùn. Nígbà tí oyún wa méjèèjì bàjẹ́, ìyàwó mi ni wọ́n wá kí, wọn kò kí mi. Ẹni tí gbogbo ìyẹn kò lè la ẹnu rẹ̀, tó wá là á nítorí pákó kan, pákó yẹn ti kú ni." Ó yíjú sí Ràmọ́tà. "Màmá, ẹ forí jì mí. Mi ò rà á mọ́."

Gilbert ti múra láti jà, láti búra, láti fi ọjọ́ orí rẹ̀ bẹ̀. Kò múra sílẹ̀ pé wọ́n á gbà á gbọ́. Ó yí òòlù ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ọkọ̀ tó kéré ju èyí lọ pọ̀ létí omi yìí," ló wí nígbà tó yá, ó sì jẹ́ pé ó fẹ́ fi ìbínú sọ ọ́ ni. "Kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ tó tóbi tó báyìí ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀ mi kéré, Bàbá."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ imọ̀ àgbọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àní Ernest pàápàá.

"Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ńlá," ni Mọ́rúfù tún wí.

Gilbert fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní oòrùn ni. Mọ́rúfù na ọwọ́ sínú àpò tó wà léjìká rẹ̀, ó mú ìlu jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ gún un, Bàbá. Kí Màmá lè rí i, kí wọ́n má bàa rò pé a fi orúkọ ọkọ wọn ṣẹ̀sín. Bí pákó bá le, mo ti rà á pẹ̀lú ihò rẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ," ni Gilbert wí fún Ràmọ́tà.

"Mo gbọ́." Ràmọ́tà di ìborùn mọ́ra. "Ẹ gún un."

Gilbert wọ abẹ́ ọkọ̀, Mọ́rúfù àti Ràmọ́tà tẹ̀lé e. Ó fi ẹnu ìlu sójú àlà ṣọ́ọ̀kì. Kò fi òòlù kàn án, ọwọ́ lásán ló fi tì í. Ìlu náà wọlé bí ìgbà tí wọ́n ti ṣíbí bọ ẹ̀kọ tútù, ó wọlé títí dé èèkù. Nígbà tó fà á jáde, ìyẹ̀fun funfun tẹ̀lé e, ó ń dà sílẹ̀ sí iyanrìn, kò sì tètè dá. Ó yí ìlu díẹ̀, awọ pákó ya, inú rẹ̀ hàn. Ó rí jálajàla bí afárá oyin tí wọ́n ti mu oyin rẹ̀ tán.

Ràmọ́tà jókòó sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀.

"Àwọn ọmọ mi ń bọ̀ nígbà Iléyá," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni kò bá rà á, àwọn á fi gbé àwọn ọmọ wọn ṣeré lójú ọ̀sà. Ọmọ mẹ́rin. Èmi náà ní màá bá wọn lọ." Ó na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò Gilbert mú. "Bàbá Susannah, mo ti sọ̀rọ̀ sí yín."

"Ẹ kò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ tèmi, òkò ni màá sọ." Gilbert fà á dìde. "Ẹ má sunkún sí i. Ọkọ̀ yìí dára."

"Ó dára kẹ̀?"

"Pákó kan ṣoṣo ló kú. Mo kan gbogbo ìyókù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó kàn án mọ iṣẹ́, ọkọ yín náà sì tọ́jú rẹ̀. A máa yọ ọ̀kan yìí, a máa fi tuntun sí i, á tún lò tó ogún ọdún." Ó ti ń fi ìka wọn ojú ibẹ̀. "Mo ní ọ̀pẹ̀pẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti gbẹ dáadáa. Màá gbé e wá lọ́jọ́ ajé. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni, bí mo bá rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń di pákó mú."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá," ni Mọ́rúfù wí.

"Mo rí i láàárọ̀ pé o mọ̀ ọ́n."

Wọ́n fẹnu kò síbẹ̀. Ràmọ́tà ní bí wọ́n bá tún un ṣe tán, Mọ́rúfù nìkan lòun máa tà á fún, ó sì lọ wá ẹja tí Gilbert máa mú relé. Ernest wá, ó kí Gilbert, ó bẹ̀bẹ̀ láì dọ́gbọ́n sí i. Gilbert dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀ dáadáa kó lè rántí rẹ̀.

Mọ́tò tó kẹ́yìn sí Ìjẹ̀bú-Òde ti ń gba èrò. Gilbert wò ó, ó wo ojú ọ̀sà, níbi tí abúlé Mọ́rúfù ti ń hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ní òdìkejì. Kò tíì dé ibẹ̀ rí. Mọ́rúfù dúró tì í, ó ń ṣe bí ẹni tó dúró ti ẹyẹ tí kò fẹ́ kó fò.

"Ta ni ó gbé ọ wá láàárọ̀?"

"Mo yá ọkọ̀ ni. Ó wà níbẹ̀ yẹn. Ó gba ẹni mẹ́ta."

"Ṣé o ti kàn án?"

"Ẹ bá mi kàn án, Bàbá."

Gilbert sọ̀kalẹ̀ sétí omi, ó mú òòlù, ó kan ọkọ̀ kékeré náà yíká, kò fi ibì kankan sílẹ̀. Kò rí àléébù. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọlé, ó jókòó síwájú, ó kẹ̀yìn sí ẹni tó ń tu àjẹ̀.

"Kí o mọ̀ o," ló wí nígbà tí wọ́n ti kúrò létí omi, "mi ò tíì dárí jì ọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni mò ń bá ọ sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àjẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Omi parọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín ọ̀sà, Gilbert bi í.

"Ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

"Ta ni, Bàbá?"

"Ọmọ mi."

Mọ́rúfù dá àjẹ̀ dúró díẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀, Bàbá."

"Mo béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ!"

"Ó ń jẹun, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ọmọ náà sì ti ń ta ẹsẹ̀."

Gilbert kò wẹ̀yìn. Ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹni tó ń tu ọkọ̀ lè rí àyè na tirẹ̀.

"Máa tù ú," ló wí. "Kí o máa sọ nípa wọn lọ."